Iṣẹ́ tíṣà ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀: ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó kó ẹrù

Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni àwọn iléèwé aládàáni máa ń wá olùkọ́ jù, torí oṣù Kẹsàn-án ni ọmọ ń wọlé, tíṣà tó bá sì fẹ́ kúrò máa ń gba owó sáà kẹta tán kó tó lọ. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ọmọ wọlé, kíláàsì tí ẹlòmíì kọ̀ ló kù fún un. Àyè díẹ̀ tún máa ń yọ nínú oṣù Kìíní, nígbà tí àwọn kan bá lọ ọdún Kérésì tí wọn ò padà mọ́.

Ẹ ti to ìwé yín jọ ṣáájú ìgbà náà: WAEC tàbí NECO, NCE tàbí dìgírì, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yín, NIN. Ẹni tó ní dìgírì yóò fi ìwé agùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìyọ̀ǹda kún un. Ẹni tó ní NCE nìkan kò nílò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka Biochemistry tàbí ìṣirò láìka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn, PGDE (dípúlómà iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní dìgírì) ló kàn, torí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ ni TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ń wò. Ìdánwò TRCN, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é: ìpele D ni ti NCE, C ni ti dìgírì àkọ́kọ́. Iléèwé aládàáni lè gbà yín láìní in, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn fi falẹ̀.

Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Tí WAEC bá pè yín ní Fúnmiláyọ̀, tí NIN pè yín ní Olúfúnmiláyọ̀, tí ìwé mìíràn sì gbé orúkọ ọkọ, kọ̀ǹpútà á kà yín sí ẹni mẹ́ta. Ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kẹ́ ẹ tó lọ tún NIN ṣe. Ó máa ń gba àkókò, ẹ má sì retí pé ìkànnì ìgbanisíṣẹ́ ìjọba á dúró dè yín.

Nípa ti ìjọba: àjọ SUBEB ló ń gba tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àjọ TESCOM ló ń gba ti girama, Àkúrẹ́ sì ni olú iléeṣẹ́ méjèèjì wà. Ìgbanisíṣẹ́ wọn kì í ṣe ọdọọdún, nítorí náà ẹ máa ṣiṣẹ́ níbòmíì bẹ́ ẹ ṣe ń retí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun bá yín fa lẹ́tà jáde, ẹ sá fún un. Ẹ sì rántí pé ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó: wọ́n lè gbé yín lọ sí Ìlàjẹ, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé àwọn abúlé kan.

Ní iléèwé aládàáni, ẹ̀kọ́ àṣefihàn, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́ lójú wọn, ló ń gbani síṣẹ́, kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ mú lẹ́sìn nóòtù lọ́wọ́, kó ní àkòrí, kíláàsì, àkókò, ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èròǹgbà (ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́), ohun èlò, ìgbésẹ̀ ẹ̀kọ́, ìbéèrè àyẹ̀wò àti iṣẹ́ àṣetiléwá. Àléébù tó wọ́pọ̀ jù wà nínú èròǹgbà: “kí ọmọ lóye ìdá (fraction)” kò ṣeé wọ̀n. “Kí ọmọ ro ìdá méjì tí ìsàlẹ̀ wọn bára mu pọ̀” ṣeé wọ̀n, torí ẹ lè fún un ní ìṣirò mẹ́ta kẹ́ ẹ wo iye tó gbà. Ìbéèrè “ṣé ó yé yín?” kì í ṣe àyẹ̀wò, gbogbo kíláàsì á dáhùn “yes sir” bí kò tilẹ̀ yé ẹnì kankan. Ẹ pe ọmọ kan láti ẹ̀yìn wá sójú pátákó. Ohun kan tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè gbà ni kẹ́ ẹ múra, torí ọ̀gá iléèwé lè dá yín dúró nígbàkígbà, ẹ̀kọ́ tí kò dé ibi àyẹ̀wò kò sì ní ìdí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iléèwé kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ san 60,000 náírà, tí òmíràn ní Ilé-Olújì fẹ́ san 45,000 pẹ̀lú yàrá nínú ọgbà. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Ọbà-Ilé, tẹ́ ẹ ń san owó ọkọ̀ 400 lọ, 400 bọ̀, ọjọ́ 22 yóò jẹ 17,600. Ilé 300,000 lọ́dún, 25,000 ni lóṣù. Ohun tó kù fún oúnjẹ àti dátà jẹ́ 17,400. Ti Ilé-Olújì ṣì pé 45,000. Ẹ fi iye tí wọ́n bá sọ fún yín rọ́pò èyí, kẹ́ ẹ tún un rò. Àti pé owó ilé kì í wá díẹ̀díẹ̀: ọdún kan gbáko ni onílé ń gbà, owó àgíríìmẹ́ǹtì àti ti éjẹ́ǹtì á sì lé e, kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé. Ohun tí Àkúrẹ́ fi ju ìlú kékeré lọ ni lẹ́sìn tí tíṣà ń lọ kọ́ ọmọ nílé wọn. Tíṣà ìṣirò tàbí fisíìsì tó bá rí ọmọ méjì mẹ́ta kọ́ nírọ̀lẹ́ ní àdúgbò Ìjàpọ̀ tàbí Alágbàká lè jẹ́ kí ìṣirò òkè yẹn yí padà. Tíṣà nọ́sìrì kì í sábà rí i bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ bèèrè pé: ṣé wọ́n ń sanwó oṣù Kẹjọ? Ṣé wọ́n ń dá apá kan owó oṣù àkọ́kọ́ dúró? Oṣù mélòó ni ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ? Kí ìdáhùn wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ẹ fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí hàn wọ́n, ẹ̀dà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yìí lè wúlò fún ẹni tí ojú rẹ̀ wà lókè òkun náà: láti February 2023 ni England ti ń jẹ́ kí olùkọ́ tó gboyè ní Nàìjíríà béèrè fún QTS (ìwé tó ń fi hàn pé èèyàn jẹ́ olùkọ́ tó kúnjú ìwọ̀n níbẹ̀), fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè fún ọmọ ọdún 11 sí 16, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀rí ọdún kan ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́.