Bí Mo Ṣe Gbé Ìwé Owó Ẹgbẹ́ Wa Jáde Láti Inú DOS

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Láti ọdún 1994 ni gbogbo owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti wà nínú ètò kan tí wọ́n fi Turbo Pascal 7, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ fún DOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbòde. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà kọ̀ tí kò tàn mọ́, mo yọ hard disk rẹ̀, mo fi wáyà so ó mọ́ laptop mi, mo sì da àwọn fáìlì rẹ̀ kọ sí ibi méjì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí owó àgbààgbà ni.

Windows 10 kò gbà á rárá. Ètò náà kò bàjẹ́ o; oníbíìtì 16 ni, ìyẹn irú tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ àtijọ́, Windows oníbíìtì 64 ti òde òní kò sì gba irú rẹ̀ láyè mọ́. Mo wá lọ gba DOSBox, ọ̀fẹ́ ni, tí í máa ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà ayé ọjọ́un nínú ẹ̀rọ tuntun. Mo kó àwọn fáìlì náà sínú fódà kan, mo tẹ `mount c c:\egbe` kí DOSBox lè mú fódà náà bíi dísíìkì C rẹ̀, mo tẹ `c:` láti wọ inú rẹ̀, mo sì pe ètò náà lórúkọ. Ojú búlúù yẹn yọ, ó ní: TE NOMBA OMO EGBE. Kò sí àmì lábẹ́ ọ̀rọ̀ kankan, nítorí pé ẹ àti ọ kò sí lára lẹ́tà tí DOS ìgbà náà ní.

Ó ń falẹ̀, mo bá fi ìyára DOSBox sí `cycles=max`, èyí tó yára jù lọ. Bí mo ti tún un pè báyìí, Runtime error 200, ìyẹn àṣìṣe tó ń dá ètò dúró, ló kọ. Ohun tó fà á ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe yára tó. Bí ẹ̀rọ bá yára jù, iye tí ó rí á tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ, ètò náà á sì dákú lójú ẹsẹ̀. Mo dín in kù sí `cycles=10000`, ó sì ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Títẹ ìwé jáde ló kù, DOSBox gan-an kò sì ń ṣe ìyẹn. DOSBox-X, ẹ̀dà DOSBox mìíràn, ni mo lò, mo kọ `parallel1=printer` sínú ìlànà rẹ̀, ó sì ń sọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan di àwòrán tí mo lè tẹ̀ jáde. Èyí àkọ́kọ́ ni mo gbé lọ bá ìyá kan tó ṣì tọ́jú káàdì rẹ̀. A jọ kà á láìní ìkánjú, oṣù tẹ̀ lé oṣù. Kọ́bọ̀ kan kò yàtọ̀.