Bí mo ṣe pààrọ̀ ìtì tó jẹrà nísàlẹ̀ ilé onígi mi, àti ìṣó tó fẹ́ pa mí

Owó tí mo san fún ọkùnrin tó fi símẹ́ńtì dí àárín àwọn ìtì igi tí wọ́n tò léra wọn ṣe ògiri ilé mi ò tó nǹkan, àmọ́ owó tí mo fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Ó ní atẹ́gùn ò ní wọlé mọ́. Òótọ́ ló sọ, atẹ́gùn ò wọlé, omi ló wọlé tí ò wá ríbi gbà jáde. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ gún ìtì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ńṣe ló wọlé dé ìdí, mi ò tiẹ̀ tì í rárá, inú igi yẹn ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan tí símẹ́ńtì ń ṣe fún igi kẹ́ ẹ lè bá mi bínú dáadáa. Igi kì í dúró sójú kan. Tí òjò bá pa á ó máa wú, tí oòrùn bá ràn sí i ó máa sún kì, símẹ́ńtì ní tiẹ̀ ò mira. Kò ní pẹ́ rárá tí àlàfo tín-ín-rín fi máa là láàárín àwọn méjèèjì, omi òjò tó ń ṣàn lára ìtì òkè á gba ibẹ̀ wọlé, símẹ́ńtì á wá dì í mú síbẹ̀. Tí omi inú igi bá sì ti kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ, olú tó ń jẹ igi ti ríbi fìdí kalẹ̀ sí nìyẹn. Ẹ lè fi ọ̀dà tó ń dán kùn ún lójú ìta, kó wu aráyé, inú ń jẹrà lọ.

Àwọn tó kọ́ irú ilé yìí láyé àtijọ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó rọ̀ ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́: irun àgùntàn, tàbí ewéko múlọ́múlọ́ tó ń hù lórí àpáta, àwọn míì amọ̀ tí wọ́n fi koríko gbígbẹ pò. Tí igi bá wú, á fún un pọ̀, tó bá sún kì, òun náà á tú ara ẹ̀ sílẹ̀, tó bá gbó wọ́n á yọ ọ́ wọ́n á ki òmíì. Àwọn ará Nọ́wè àti Fíńláǹdì tiẹ̀ gbọ́n ju ìyẹn lọ, abẹ́ ìtì òkè ni wọ́n ń gbẹ́ kòtò sí, kì í ṣe orí ti ìsàlẹ̀, ìtì òkè á wá jókòó lé ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, omi tó bá ṣàn á bọ́ sílẹ̀ ni, kò níbi tó fẹ́ jókòó sí. Ilé onítì tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1200 sí 1300 ṣì wà ní Nọ́wè títí dòní o, láìsí símẹ́ńtì kankan.

Ó dáa, iṣẹ́ ọ̀hún gan-an. Wíwá ìtì tuntun, bíbó èèpo ẹ̀, gbígbé e dé ilé, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín, ẹni tó bá mọ ayùn dì mú mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìtì ìsàlẹ̀ ló yẹ kó dáa jù nínú gbogbo ilé, igi tó dàgbà díẹ̀díẹ̀ tí inú ẹ̀ dúdú tó sì le, tí apá funfun ara ẹ̀ ò nípọn, torí apá funfun yẹn ni kòkòrò àti olú kọ́kọ́ ń jẹ.

Mo gbẹ́ ilẹ̀ tó ti kún mọ́ ògiri kúrò, mo to pákó nípọn nípọn sílẹ̀, mo gbé jáákì lé e, mo fi ti ìtì kejì láti ìsàlẹ̀. Èrò mi ni pé kó tó ọ̀sán, ilé ti gòkè díẹ̀, màá fa èyí tó jẹrà yọ. Lásán! Igun ilé ń gòkè, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ò mira. Mo tún yí jáákì, igi bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbì gbì, àlàfo wá ń là láàárín àwọn ìtì tó wà nígun, ibi tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn. Mo yára sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà níbẹ̀ ní kí n lọ wá jáákì tó lágbára jù ú, mo ní rárá o, ilé ń sọ nǹkan fún wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Mo wá ṣí pákó tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ férémù ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìṣó gígùn, tó tó ìka méjì papọ̀ ní gígùn, ni wọ́n gbá gba inú férémù wọ etí ìtì kọ̀ọ̀kan, látìsàlẹ̀ dókè, wọ́n sì ti fi kọnkéré mọ ẹsẹ̀ férémù náà mọ́lẹ̀. Lókè férémù, kò sí àlàfo tó gba abẹ́ bíléèdì.

Ohun tó burú níbẹ̀ rèé. Ìtì igi máa ń sún kì ní fífẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sún kì ní gígùn. Ògiri tí wọ́n fi ìtì tútù kọ́, tó ga tó mítà 3, lè wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 kó tó gbẹ tán. Férémù ilẹ̀kùn dúró lóòró, òun ò ní kúrú. Ìdí tí àwọn àgbà káfíńtà fi máa ń gbẹ́ kòtò lóòró sí etí àwọn ìtì tó yí ilẹ̀kùn ká nìyẹn, wọ́n á ki òpó bọ̀ ọ́ láìkàn án mọ́ nǹkan kan, kí ìtì lè máa yọ̀ wálẹ̀ lára ẹ̀, wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀ lókè férémù, wọ́n á ki irun àgùntàn sí i, wọ́n á sì fi pákó bò ó, ìṣó pákó yẹn ìtì òkè nìkan ló ń wọ̀. Èmi, wọ́n kan tèmi pa. Àwọn ìtì wá ń rọ̀ sórí ìṣó dípò kí wọ́n jókòó lé ara wọn, àlàfo là, wọ́n ní atẹ́gùn ń wọlé, ta ló wá bá mi fi símẹ́ńtì dí i? Ẹni tó kan férémù yẹn náà ni! Ó gbowó lẹ́ẹ̀mejì lórí nǹkan tó fọwọ́ ara ẹ̀ bàjẹ́.

Yíyọ ìṣó yẹn ló wá pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Orí wọn ti wọnú igi, ara wọn ti dípẹtà, kò sí èyí tí hámà fà jáde, orí ẹ̀ á já ni. Ìgbà tó yá mo ra ayùn tí wọ́n fi ń gé irin, bíléèdì ẹ̀ nìkan, mo kì í bọ àárín férémù ilẹ̀kùn àti etí ìtì, mo ń gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi ò lè ṣí ju ìwọ̀n ìka bíi mélòó kan lọ, ayùn ń kán, mo ń fi òmíì sí i, èyí tó wà nísàlẹ̀ mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gé e. Inú bí mi débi pé mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo gé èyí tó kẹ́yìn tí mo tún yí jáákì, ògiri gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, igun àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rẹ́rìn-ín nìkan, bíi wèrè.

Ẹ ò gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó wà ní erékùṣù Kizhi ní Rọ́ṣíà? Wọ́n kọ́ ọ ní 1714, nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, irin ni wọ́n fi gbé apá òkè ró, wọ́n ń tú ìtì ìsàlẹ̀ wọ́n ń pààrọ̀ èyí tó jẹrà. Tèmi kéré, àmọ́ irú iṣẹ́ kan náà ni, kí wọ́n fún mi níyì mi.

Ìtì tuntun wọlé, mo gbé e lé òkúta, mo fi rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ òrùlé sáàárín òkúta àti igi kí ọ̀rinrin má fà gòkè. Mo gé orí férémù kó lè ní àlàfo, mo fa etí òrùlé síta sí i. Igun ilé ni mi ò fọwọ́ kàn, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé yìí mọṣẹ́, ó gé ojú ìsopọ̀ wọn dagun síta kí omi máa bọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan jáákì. Kí ẹ sì máa fi ọ̀bẹ gún ìtì ìsàlẹ̀ lọ́dọọdún, pàápàá lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Ọ̀dà onírọ́bà, mi ò kùn ún mọ́. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n sè látinú igi páìnì tí wọ́n pò mọ́ òróró linseed, ìyẹn òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀, ni mo fi kùn ún, ó ń rùn díẹ̀ o, àmọ́ igi ń mí. Etí ìtì tí wọ́n gé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ kùn ún lákùn-tún-kùn títí tí ò fi ní mu mọ́, torí ibẹ̀ ni omi ti ń wọlé jù.