Iná "check engine" ti kú, àmọ́ monitor ò tíì "ready": ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ ra Camry Tòkunbọ̀ kan ní Táńkẹ̀, n'Ílọrin níbí. Iná "check engine" ò tàn. Àbúrò mi so scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù, mọ́ ọn, kò rí kóòdù kankan, àmọ́ monitor mẹ́rin, ìyẹn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń ṣe fúnra rẹ̀, ló kọ "not ready" (kò tíì parí). Ẹni tó ń tà á ní kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 wá, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ máa ń yẹ ohun tó kan èéfín wò fúnra rẹ̀: catalyst tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín, oxygen sensor tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú èéfín, EVAP tí kì í jẹ́ kí òórùn epo jáde láti inú táǹkì. Èyí tó bá yẹ̀ wò tán ló ń kọ "ready" sí. Tẹ́nì kan bá fi scanner pa kóòdù rẹ́, gbogbo èsì yẹn á bá a lọ, bí ìgbà tí wọ́n bá fi omi fọ wàláà nílé kéwú. Orí bátìrì tí wọ́n bá yọ náà sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé bátìrì ló kú nígbà tí mọ́tò wà lórí omi, ìyẹn wọ́pọ̀, nítorí náà ẹ má fẹ̀sùn kan onítọ̀hún. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan pa iná náà láàárọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ wá ibi tí scanner kọ "distance since codes cleared" sí. Bó bá jẹ́ kìlómítà mẹ́fà péré, ẹ ní kí wọ́n wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún padà wá wò ó. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ò ní bínú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Houston. Ó pààrọ̀ bátìrì, ó gbé mọ́tò lọ fún inspection, ìyẹn àyẹ̀wò èéfín, lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní monitor ò ready. Báwo ló ṣe máa wà á?

Ìdáhùn: Kò ju bátìrì yẹn lọ. Ìlànà EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká l'Amẹ́ríkà, fàyè gba monitor kan tí kò tíì parí fún mọ́tò 2001 sókè, méjì fún ti 1996 sí 2000. Kó gbé e sílẹ̀ mọ́jú, bíi wákàtí mẹ́jọ, kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Kí epo táǹkì wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin; EVAP kì í yẹ ara rẹ̀ wò tí táǹkì bá kún dẹ́nu. Láàárọ̀, kó tan án, kó jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kó wà á nínú ìlú díẹ̀, kó wá bọ́ sí ọ̀nà tó já geere, kó di eré bíi 90 kìlómítà ní wákàtí mú láìyẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí eré, kó jẹ́ kó máa rọra dínkù láìtẹ bíréèkì. Kó tún un ṣe bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Ti ilé iṣẹ́ mọ́tò kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀, nígbà míì ó lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan. Kó ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pa kóòdù.

Ìbéèrè: Èmi ti wa tèmi láti Gáréèjì Ọ̀fà dé Òmù-Àrán lọ bọ̀. Kò sí kóòdù, catalyst ò sì ready.

Ìdáhùn: Ẹ bi mẹkáníìkì yín pé níbo ni thermostat wà, ìyẹn ohun tó ń dá omi rádíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Lọ́dọ̀ wa níbí, mọ́tò á gbóná lẹ́ẹ̀kan, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á yọ jù nù nìyẹn: "ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò ẹ̀." Inú máa ń bí mi sí i. Mọ́tò tó gbóná, rádíétọ̀ tó dí tàbí fáànù tí kò yí ló sábà ń fà á.

Ẹ so scanner mọ́ ọn, kí ẹlòmíì máa wo "coolant temperature", bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Nínú gosiló Post Office ó lè gòkè dé ìwọ̀n 90. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Gánmọ̀, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí rádíétọ̀, á já wálẹ̀ sí 65 kó tó dé Ìdófìàn. Kọ̀ǹpútà ń retí kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó, kò gbóná tó, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ẹ fi thermostat tuntun sí i, ẹ tún rádíétọ̀ ṣe. Ẹ tún yẹ abẹ́ mọ́tò wò. Tí wọ́n bá ti gé catalyst tà, àyẹ̀wò á parí lóòótọ́, àmọ́ P0420, kóòdù tó ń sọ pé catalyst ò ṣiṣẹ́ dáadáa, ló máa gbé wá.

Ìbéèrè: EVAP nìkan ló kù fún mi. Ọ̀sán ni mo máa ń ráyè wà á.

Ìdáhùn: Ọ̀sán oṣù kẹta n'Ílọrin? Ọ̀pọ̀ mọ́tò kì í dán EVAP wò tí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 35, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ tutù kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni kẹ́ ẹ tan án. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ wo róbà ìdérí táǹkì epo. Tó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.