Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Mo Fi Dúró De Ojú Ejò

Owó tí mo máa fi yá lẹ́ńsì kámẹ́rà fún ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sápò kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Owó ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo san kẹ́yìn. Fọ́tò ojú ejò kan ṣoṣo ló kó mi sí i, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ìbéèrè kan péré ni ì bá gbà mí sílẹ̀: "Ìgbà wo ni ejò yín bọ́ awọ kẹ́yìn?" Mi ò bi wọ́n. Ẹni tó ni ejò mọ ìdáhùn rẹ̀, kò sì là á fún mi.

Iwájú ìwé kan tó dá lórí ìtàn ìṣègùn ni wọ́n ní kí n ya fọ́tò náà fún. Ejò tó lọ́ mọ́ ọ̀pá, tó kọjú sí ẹni tó ń wò ó, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere débi pé wàá rí ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe, tí mo sì ń fi yangàn títí dòní, ni pé mo jẹ́ kí wọ́n pa ejò kejì rẹ́. Nínú àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, ejò méjì ló lọ́ mọ́ra lára ọ̀pá oníyẹ̀ẹ́. Ọ̀pá Hermes nìyẹn, ìránṣẹ́ àwọn òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, ẹni tí àwọn oníṣòwò ń ké pè. Ọ̀pá Asclepius, oníṣègùn wọn, kò ní ìyẹ́, ejò kan ṣoṣo ló sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀ka ìṣègùn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà mú ti Hermes ṣe àmì ní ọdún 1902, látìgbà náà ni àṣìṣe yẹn ti ń tàn ká. Ti Asclepius ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n gbà. Ìwé ìṣègùn tó gbé àmì oníṣòwò síwájú ìbá jẹ́ ìtìjú fún gbogbo wa.

Bí mo ṣe to iná, bí mo ṣe rí igi tó rí bí ọ̀pá, bí mo ṣe ta aṣọ dúdú sẹ́yìn, ẹni tó bá ti ya fọ́tò rí mọ ìyẹn. Erè ni mo yàn, irú èyí tí kì í tóbi púpọ̀, tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, tó sì ń ki orí bọ àárín, bí ẹ̀rù bá bà á. Kò lóró, ó sì máa ń farabalẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń sin ejò ló gbé e wá nínú àpótí ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí wọ́n ṣe gbé e jáde, mo rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ṣú, bíi pátákó tí erùpẹ̀ bà lé. Mo rò pé iná ni. Mo tún iná tò. Mo ya fọ́tò mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ ojú rẹ̀ tóbi lórí kọ̀ǹpútà. Ojú náà funfun, ó ń fà sí búlúù, bí ìgbà tí èèyàn bá mí èémí sára dígí ní àárọ̀ ọyẹ́. Kò sí ẹyinjú dúdú níbẹ̀ rárá. Mo nu lẹ́ńsì. Mo tún yà á. Bákan náà ni.

Mo wá yíjú sí ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dààmú yín, ẹ̀gbọ́n. Ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Ẹ ṣáà máa yà á lọ, kọ̀ǹpútà á bá yín tún ojú yẹn ṣe."

Ó mọ̀! Ó mọ̀ kó tó gbé ejò náà kúrò nílé, ó sì ti gba owó ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Ohun tí kò sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ fún yín yékéyéké. Ejò kò ní ìpéǹpéjú. Kò lè ṣẹ́jú, kò sì lè di ojú sùn. Ìpẹ́ kan tó mọ́ gaara ló bo ẹyinjú rẹ̀ bíi gíláàsì aago, ìpẹ́ yìí sì wà lára awọ tó ń bọ́. Bí àkókò bá tó, awọ tuntun á hù sábẹ́ ti àtijọ́, omi á sì sun sáàárín àwọn méjèèjì kí wọ́n lè ya ara wọn. Omi yẹn ló ń mú kí ara ejò ṣú, òun náà ló ń bo ojú rẹ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ejò kò ríran dáadáa, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹun, ibi tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń wá. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sábẹ́ iná rárá. Mo ní kó dá a padà sínú àpótí.

Mo gbìyànjú ti kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí owó tí mo ti san. Mo mú ojú erè mìíràn nínú fọ́tò àtijọ́ tí mo ní, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Láti òkèèrè, ó dà bíi pé ó ṣe é gbà. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ojú náà ń wo ibì kan tí orí kò kọ sí. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ wá láti apá òsì, iná tèmi sì wà lápá ọ̀tún. Ojú ejò dà bíi dígí tó yọ síta, gbogbo yàrá ló máa ń hàn nínú rẹ̀, èèyàn kò lè yá a lọ́wọ́ ejò mìíràn. Nígbà tí aago méjì òru lù, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ibi tí mo ti yá lẹ́ńsì. Wọ́n ní bí mo bá dá a padà, ẹlòmíràn ti ń dúró dè é, ó di oṣù tó ń bọ̀ kí n tó tún rí i yá. Èyí tí mo ní lọ́wọ́ kò lè sún mọ́ nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé kò sì lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Bí lẹ́ńsì náà ṣe jókòó sórí tábìlì mi nìyẹn, tí mò ń sanwó rẹ̀ lójoojúmọ́ láìṣí ohun tí mo fi ń yà.

Ọjọ́ kẹrin ni ọkùnrin yẹn tún pè mí. Ó ní òun lè fọwọ́ ṣí awọ ojú náà kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ariwo tí mo pa lé e lórí, ó gbọ́ ọ. Awọ tí kò tíì gbó, bí èèyàn bá fà á, ó lè ya ti abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ojú ejò lè bàjẹ́ pátápátá. Mo tún sọ fún un pé mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó gbé e síbi tó tutù kó lè dákẹ́. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè ráyè ya fọ́tò. Ejò kò ní ooru tirẹ̀ nínú. Òtútù ń sọ ọ́ di aláìlágbára ni, kì í ṣe pé ara rẹ̀ balẹ̀. Fọ́tò tí mo bá fi ìyà ẹranko yà, mi ò ní fi orúkọ mi sí i.

Nígbà tí mò ń dúró, mo wo iṣẹ́ àwọn tó ti ya ejò ṣáájú mi. Medusa, obìnrin inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì tí irun orí rẹ̀ jẹ́ ejò, tí Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, kùn sára apata ogun ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, tó wà ní Florence ní Ítálì, ẹnu obìnrin náà tó là sílẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń wò. Èmi wo àwọn ejò orí rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dán lára wọn bíi pé awọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tuntun. Mo wo ejò tó ń gbé ìrù ara rẹ̀ mì, èyí tí wọ́n fín sára ọ̀kan nínú àwọn àpótí oníwúrà tó yí òkú Tutankhamun, ọba Íjíbítì àtijọ́, ká. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Otto Marseus van Schrieck, ayàwòrán ará Nẹ́dálándì láyé ọdún 1600 sí 1700. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sin ejò tó ń yà, ó ń kùn wọ́n bí wọ́n ṣe ń rá pálá nínú koríko àti olú. Ìyẹn kò ní bi ẹnikẹ́ni pé ìgbà wo ni ejò bọ́ awọ kẹ́yìn. Ojúmọ́ kan kò ní mọ́ kó má rí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ejò ṣe àmì ohun tó sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí wọ́n ń sọ pé ejò fi wà lára ọ̀pá oníṣègùn nìyẹn: ó bọ́ awọ àtijọ́, ó sì jáde bí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo wò, mi ò rí ẹyọ kan tó ya ejò ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ fọ́. Wọ́n ya ìdọ̀tun náà, wọ́n fo ọjọ́ tó fi ń jókòó sínú òkùnkùn láìríran. Ó dùn mí, torí inú ọjọ́ tí wọ́n fò yẹn gan-an ni èmi wà.

Ní ọjọ́ keje, ojú náà là. Mo ti ń di ẹrù iná. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà sọ òótọ́ fún mi, mo sì gbà fún un: omi yẹn máa ń gbẹ kí awọ tó bọ́, ojú á là ṣùgbọ́n awọ àtijọ́ ṣì wà lára. Bí mo bá yà á nígbà náà, ara rẹ̀ kò ní dán bíi ti awọ tuntun. Mo tú ẹrù.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ó ní kí n máa bọ̀. Mo bá ejò náà tó ń fi imú ha igi. Awọ ètè rẹ̀ là díẹ̀, ó ká sókè, ó ká sísàlẹ̀, orí tuntun sì ń yọ láàárín rẹ̀. Ó ń wọ́ lọ síwájú, awọ náà ń yí inú síta bí ìgbà tí èèyàn bá ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Kò ya níbì kankan. Nígbà tó tán, mo gbé awọ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Níbi orí, mo rí fèrèsé kékeré méjì, roboto, wọ́n mọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Ibi tí ojú wà nìyẹn. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Mo kàn ń wò ó ni.

A jẹ́ kó sinmi. Ọjọ́ kejì la yà á. Fíláàṣì ni mo lò, mi ò lo iná tó ń gbóná. Mo ta aṣọ funfun bo fíláàṣì náà kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ta yọ̀yọ̀ lára ìpẹ́ tuntun. Mo fi kámẹ́rà sí f/11, ìyẹn ni pé mo dín ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì kù, torí bí lẹ́ńsì bá sún mọ́ ejò tó bẹ́ẹ̀, ojú lè mú kedere kí imú sì ṣú. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti ń sún mọ́ ọn, mi ò na ọwọ́ sí i láti iwájú. Erè ní àwọn ihò kéékèèké lẹ́bàá ètè tó fi ń mọ ooru, ọwọ́ tó gbóná lè dà bí oúnjẹ lójú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sinmi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sinmi.

Ahọ́n ló kù. Ní ọdún 1981 tí Richard Avedon, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, ya Nastassja Kinski, òṣèré fíìmù, pẹ̀lú erè ńlá kan, nǹkan bíi wákàtí méjì ni obìnrin náà fi dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì kí ejò tó na ahọ́n sí etí rẹ̀. Tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ìjókòó kẹta, ó gbé orí sókè lára ọ̀pá, ó kọjú sí mi, ahọ́n rẹ̀ jáde, ó là sí méjì. Ẹyinjú rẹ̀ dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró lóòró, aṣọ funfun tí mo ta hàn nínú rẹ̀ bíi fèrèsé. Lára ìpẹ́ ọrùn, àwọ̀ òṣùmàrè ń yọ fẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò fi kọ̀ǹpútà kan ojú yẹn rárá. Òun ló wà níwájú ìwé báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya ejò, ẹ kọ́kọ́ lọ fojú ara yín rí ojú ejò náà kẹ́ ẹ tó yá ohunkóhun. Lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ yá kẹ́yìn. Ẹ béèrè ọjọ́ tó bọ́ awọ. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ, ọjọ́ yín nìyẹn, kò sí ìgbà tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ejò tó ń dàgbà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí ó máa ń bọ́ awọ lemọ́lemọ́ ju àgbà lọ. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ojú ejò bá ṣú, ta ni yóò san owó ọjọ́ tó bá gorí rẹ̀. Èmi kò kọ ọ́. Iye tí a jọ sọ ni wọ́n san fún mi, wọn ò fi kọ́bọ̀ lé e.

Ní wákàtí tó kẹ́yìn kí n tó dá lẹ́ńsì padà, mo na awọ tó bọ́ náà sórí dígí, mo tan iná sí abẹ́ rẹ̀, mo sì ya ọ̀kan nínú fèrèsé kékeré méjì yẹn. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ojú funfun ti ọjọ́ àkọ́kọ́.