₦44,650 fún ìrẹsì tó ń tú ká: bí mo ṣe dá sushi ṣe fúnra mi ní Tanke

Rìsíìtì yẹn ṣì wà nínú báàgì mi. Abọ́ sushi méjì, oúnjẹ ìrẹsì àwọn ará Japan tí wọ́n sábà máa ń fi ewé òkun ká, ₦28,000. Ọbẹ̀ miso, ₦5,000. Ohun mímu méjì, ₦5,000. Wọ́n fi VAT 7.5% lé e, ₦2,850, n ò bá wọn jà, owó ìjọba nìyẹn. Ṣùgbọ́n service charge ₦3,800 tí kò sí nínú ìwé oúnjẹ tí wọ́n kó fún wa, ta ló bá mi sọ ọ́? ₦44,650 ni mo san ní ilé oúnjẹ Japan kan ní GRA Ìlọrin níbí, lọ́jọ́ ìbí bàbá àwọn ọmọ mi, tebitebi la sì padà sílé.

Ẹja salmon la bèèrè fún, ẹja títúsì ni wọ́n gbé wá. Ọmọ tó gbé oúnjẹ wá ní, "Ẹ má bínú, mà, salmon ti tán." Kò sẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú owó. Ọbẹ̀ miso ńkọ́? Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n fi iyọ̀ pò, tí wọ́n fi pamọ́ fún oṣù púpọ̀ títí yóò fi kan ni miso, kò jìnnà sí bí a ṣe ń ṣe irú. Omi gbígbóná oníkúùbù ni wọ́n fún wa. Èyí tó dùn mí jù ni ìrẹsì. Inú fíríìjì ló ti wá, ó tutù, ó le, bí mo sì ti gbé ègé kan sókè báyìí ló tú sínú soy sauce, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Mo ń fi ṣíbí ṣa hóró rẹ̀, ọkọ mi ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́ rẹ̀ yẹn ló mú mi pinnu pé màá ṣe é fúnra mi.

Kùkúmbà, píà àti fínígà kò ní wàhálà. Nori, ewé inú òkun tí wọ́n sá gbẹ bíi bébà, Èkó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi, ewé 10. Ẹja tí a kò sè ni mi ò fọwọ́ kàn. Ó gbọ́dọ̀ dì nínú fírísà ní -20°C fún ọjọ́ 7 kí kòkòrò inú rẹ̀ tó lè kú, iná àdúgbò wa kò sì lè gbé fírísà dé bẹ̀. Ẹja yíyan ni mo lò. Ẹni tó bá ní ìyẹn kì í ṣe sushi, ìrẹsì tí a fi fínígà pò ló ń sọ ọ́ di sushi, kì í ṣe ẹja.

Lórí ìrẹsì yìí ni ojú mi ti rí màbo. Ìrẹsì àpò tí a ń sè nílé ni mo kọ́kọ́ lò. Hóró rẹ̀ gùn, wọ́n sì ti bọ̀ ọ́ kó tó dọ́jà, kì í lẹ̀ mọ́ra. Ohun tí a ń wá nínú jọ̀lọ́ọ̀fù nìyẹn. Bí mo ti ká a ló tú, bí ti GRA gẹ́lẹ́. Ewé kan bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bu omi púpọ̀ sí i kó lè rọ̀. Ó rọ̀ lóòótọ́, ó dà bí ẹ̀kọ tí kò dì, ewé mẹ́ta tún bá a lọ. Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì. Owó ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, ọrùn ilé oúnjẹ yẹn ni mo kà á sí.

Ọjọ́ kẹta, mo lọ ra ata ní Ọjà Ìpàtá, mo ń ráhùn fún ìyá oníràìsì tí mo jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Èyí tó ń lẹ̀ kẹ̀? Ṣé tùwó lo fẹ́ rò ni? Kí ló dé tí o ò tètè sọ?" Ó nawọ́ sí àpò kan lẹ́yìn rẹ̀. Hóró rẹ̀ kúrú, ó sanra, ó funfun bí ẹfun. Ìrẹsì tùwó! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Amylose, irú sítáàṣì tó ń jẹ́ kí hóró dá dúró, ló pọ̀ nínú ìrẹsì gígùn. Amylopectin, sítáàṣì kejì tó ń mú kó lẹ̀, ló pọ̀ nínú irú èyí.

Mo ṣa òkúta rẹ̀, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà títí omi fi mọ́, mo rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30. Kọ́ọ̀bù ìrẹsì 2, omi kọ́ọ̀bù 2 àti díẹ̀, iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má ṣí i. Mo po ìdámẹ́rin kọ́ọ̀bù fínígà, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 2 àti iyọ̀ ṣíbí kékeré 1, mo da ìrẹsì sínú ọpọ́n igi, mo wọ́n ọn sí i lórí ní gbígbóná. Ọmọrógùn ni mo fi pò ó, ṣùgbọ́n ẹ má rò ó bí àmàlà o. Ẹ fi etí ọmọrógùn máa là á, kí ẹ máa yí i padà. Ọmọ mi obìnrin ń fi abẹ̀bẹ̀ tí màmá mi gbé wá láti Ọ̀mù-Àrán fẹ́ ẹ. Díẹ̀díẹ̀, hóró ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn ni mo ká a.

Ká ní mo mọ̀ ni, màá ti ní kí àwọn ará ilé oúnjẹ GRA yẹn gbé ìrẹsì wọn wá kí n wò ó ká tó bèèrè oúnjẹ. Ìrẹsì sushi kì í wọ fíríìjì, ńṣe ló máa ń le. Màá sì ti bèèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ kí n tó jókòó.

Ewé mẹ́rin, ègé 32. Ọkọ mi mú ọ̀kan, ó tì í bọ soy sauce, ó gbé e sókè. Soy sauce ń kán, hóró kan kò já bọ́. Ó jẹ ẹ́, ó mú òmíràn. "Èyí ni mo rò pé a lọ jẹ lọ́jọ́ yẹn," ló wí.