Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra Yamaha R6 àlòkù

Mi ò ní purọ́, inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí. Tí ojú ọjọ́ bá ti ń móoru díẹ̀ n'Ílùú Ọba níbí, fóònù mi ò ní sinmi mọ́: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí R6 kan o, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á." Alùpùpù eré ìje tí Yamaha ṣe ni R6. Wọ́n á ti sanwó tán kí wọ́n tó pè. Ẹni tó ti gun alùpùpù fún ọdún díẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ni mò ń bá wí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kó lọ ra nǹkan kékeré ná.

1. Ẹ yéé fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ díwọ̀n ẹ̀. Arákùnrin kan gun tiẹ̀ láti Peckham dé Lewisham, ó ní kò lágbára, pé ọ̀kadà Ìbàdàn yá jù ú lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Ẹ́ńjìnnì 599cc ni, òkè téńté sì ni agbára ẹ̀ wà. Èyí tó jáde ní 2017, àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 14,500 láàárín ìṣẹ́jú kan kí agbára ẹṣin bíi 118 tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀ tó pé. Ní 5,000, oorun ló ń sùn. Tíráàkì, pápá tí wọ́n ti ń sáré ìje, ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí ẹ ó ti máa fi jíà gbé abẹ́rẹ́ aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí dúró sókè bí ẹ bá ń jáde ní kọ́nà Druids ní pápá Brands Hatch.

2. Ẹ má gba gbogbo ohun tí aago bá wí. Àwọn tó ní R6 ti 2006 ṣì ń fi 17,500 tó wà lójú aago wọn yangàn. Yamaha fúnra wọn ti gbà pé aago yẹn ń sọ àsọdùn, pé nǹkan bíi 16,200 ni ẹ́ńjìnnì ń yí ní tòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tiẹ̀ láwọn á rà á padà lọ́wọ́ ẹni tínú ẹ̀ ò bá dùn sí i.

3. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ kà á.

4. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó kí ẹni tó ń tà á. Mo mọ̀ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé á kọ́kọ́ kí èèyàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ẹ dá ìkíni dúró díẹ̀. Tó bá gbóná, wọ́n ti ṣíná sí i kí ẹ tó dé, wọ́n sì nídìí tí wọ́n fi ṣe é. Ìgbà tó bá tutù ló máa ń jẹ́wọ́. Tí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì bá ti tú, ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ tó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Tí àyè fáàfù (ìdérí tó ń ṣí tó ń pa fún afẹ́fẹ́ àti èéfín) bá ti fún jù, á máa ṣagídí kó tó tan. Tó bá ń jẹ ọ́ìlì, èéfín aláwọ̀ búlúù á yọ lẹ́yìn ẹ̀.

Mo tẹ̀ lé ọmọ kan lọ wo ọ̀kan ní Essex. Ẹni tó ń tà á tẹ bọ́tìnnì, ojú aago ṣì ń kọ "Lo" níbi tó yẹ kó ti máa ka ìgbóná omi, ó ti fúnná sí i títí tó fi kan òpin ibi tí wọ́n gbà kí ẹ́ńjìnnì yí dé. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe! Àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé, ọmọ tí mo bá wá ń ya fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀?" Mo gbọ́ o. Owó tó ń jó ni mo gbọ́. Ní 16,000, písítìnì kọ̀ọ̀kan ń lọ, ó ń bọ̀, ju ìgbà 260 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ọ́ìlì tó tutù sì ṣì ki, kò tíì ṣàn dáadáa dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹni tó lè ṣe é níwájú oníbàárà, kí lẹ rò pé ó ń ṣe tó bá ku òun nìkan? A kò rà á. Ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Èyí tún wà pẹ̀lú ẹ̀. Ohun tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró ní òpin, iná àti epo ló ń gé. Tí èèyàn bá já a sí jíà kékeré lórí eré, táyà ẹ̀yìn ló máa wá yí ẹ́ńjìnnì kọjá òpin yẹn, kò sí ohun tó máa dá a dúró, fáàfù sì lè tẹ̀. Ojú lásán ò lè rí i. Ẹ wá mẹkáníìkì tó máa fẹ́ atẹ́gùn sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó sì tẹ́tí: tó bá ń jò jáde ní sàlẹ́ńsà, fáàfù ìjáde ni, tó bá jẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáàfù ìwọlé ni, tó bá jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì, ríìngì písítìnì ti jẹ. Owó tí wọ́n máa gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná.

Máìlì kékeré kì í ṣe ẹ̀rí. Máìlì 6,000 tí wọ́n sá tán sórí tíráàkì lè le ju 25,000 ojú títì lọ.

Ẹ yí ọwọ́ alùpùpù náà sọ́tùn-ún títí dópin, ẹ yí i sósì, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí fọ́ọ̀kì, irin méjì tó di táyà iwájú mú, ti ń kan férémù. Tó bá ti wó tàbí tí ọ̀dà tuntun wà níbẹ̀ nìkan, ó ti ṣubú rí, ike tuntun yòówù kí wọ́n fi bò ó. Tẹ́ ẹ bá ń dán an wò, ẹ fúnná gidi ní jíà kejì. Tí jíà bá ń já kúrò, ẹ dá a padà.

Ní ti ìwé: V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ n'Ílùú Ọba, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ló ni ín, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀. Ẹ ṣàyẹ̀wò bóyá Cat S tàbí Cat N ni, ìyẹn èyí tó ti bàjẹ́ rí tí iléeṣẹ́ ìbánigbófò sì pa tì. R6 Race tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 2021, orí tíráàkì nìkan ló wà fún. Mo mọ ẹni tó rà á láti máa fi lọ síbi iṣẹ́.

Owó sàlẹ́ńsà olówó ńlá, ẹ fi ṣe ṣọ́kì àti fọ́ọ̀kì, kí wọ́n tò ó sí ìwọ̀n ara yín. Tèmi, sípíríǹgì tó le ni wọ́n fi sí i, torí ikùn mi ló ń kọ́kọ́ dé orí táǹkì báyìí kí àyà mi tó dé. Ní tíráàkì, wọ́n sì ń wọn ariwo láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wọlé. Sàlẹ́ńsà tó bá ti pariwo ju ìwọ̀n wọn lọ, inú ọkọ̀ fáàǹnì tó gbé alùpùpù wá ló máa padà sí, wọn kì í sì í dá owó ọjọ́ náà padà.