Bí Ọmọ Ẹyẹ Bá Já Bọ́ sí Ẹ̀yìnkùlé Yín

Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù keje ni ẹyẹ robin ti Amẹ́ríkà máa ń yé ẹyin, ó sì lè pamọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìgbà náà. Ìtòsí ènìyàn kì í bà á lẹ́rù. Ó ń tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ òrùlé, kódà sórí iná ẹnu ọ̀nà. Ìdílé tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ti rí ẹ̀kọ́ ìgbà ooru nìyẹn láìná kọ́bọ̀. Wàhálà ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí àwọn ọmọ bá ti rí ọmọ ẹyẹ nílẹ̀ báyìí, wọ́n á ti gbé e wọlé, wọ́n á ti bomi sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nǹkan kan ò ṣe é.

Ìyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ara rẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, tí ojú rẹ̀ ṣì dì, tàbí tí ìyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, inú ìtẹ́ ló yẹ kó wà. Bí ìyẹ́ bá ti bò ó, tí ìrù rẹ̀ kúrú, tó ń fò kiri lórí koríko, òun fúnra rẹ̀ ló jáde. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gbé e lé ìka yín. Èyí tó bá fi ẹsẹ̀ di ìka mú ṣinṣin ti kúrò lọ́mọ inú ìtẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ 13 tí wọ́n bá ti pa á ni robin ń fi ìtẹ́ sílẹ̀, kó tó mọ fífò dáadáa. Orí ilẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ, àwọn òbí rẹ̀ á sì máa bọ́ ọ níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Irú èyí, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá wà lójú títì, ẹ gbé e sábẹ́ igi kékeré tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ, ẹ ti ológbò mọ́lé, ẹ so ajá, ẹ má sì gé koríko apá ibẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan.

Èyí tí kò tíì hu ìyẹ́ ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, ìyá rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Irọ́ ni. Ohun tó ń jẹ́ kí ìyá fojú fo ọmọ dá ni òtútù: ọmọ ẹyẹ tó ti tutù kì í lanu, ẹnu tó bá là gbàgà ni òbí sì ń fi oúnjẹ sí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ rọra pa á mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì títí ara rẹ̀ á fi móoru, kí ẹ tó dá a padà sínú ìtẹ́.

Bí afẹ́fẹ́ bá ti tú ìtẹ́ ká ńkọ́? Ẹ mú ike bọ́tà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, kí ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀ kí òjò má bàa dúró nínú rẹ̀. Ẹ kó ohun tó kù lára ìtẹ́ àtijọ́ àti koríko gbígbẹ sínú rẹ̀. Koríko tútù á mú òtútù wá, òwú á sì lọ́ mọ́ èékánná rẹ̀. Ẹ fi wáyà so ike náà mọ́ igi kan náà níbi tí òòrùn ò ti ní pa á, tó sún mọ́ ojú ibi tí ìtẹ́ wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá wọlé lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí: wọ́n á dúró tì í, wọ́n á máa wòran, òbí ẹyẹ ò sì ní sọ̀ kalẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé fún wákàtí kan, ó pẹ́ tán wákàtí méjì.

Ẹ má fún un lómi. Ihò tó fi ń mí wà lẹ́yìn ahọ́n gan-an, ẹ̀kán omi kan sì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì àti búrẹ́dì náà kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀.

Bí ológbò bá ti fi ẹnu kàn án, bí ẹ ò tilẹ̀ rí ojú ọgbẹ́, ẹ má dúró wò ó. Kòkòrò àrùn inú itọ́ ológbò lè pa á láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ tẹ́ tíṣù sínú páálí bàtà tí ẹ ti lu níhòò, kí ẹ fi aṣọ wé ìgò omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí apá kan kí ẹyẹ náà lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù, kí ẹ gbé e sí ibi tó dákẹ́, tó ṣókùnkùn. Ẹ wá tẹ “wildlife rehabilitator”, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ẹranko ìgbẹ́ tó fara pa, àti orúkọ ìpínlẹ̀ yín sórí Google, kí ẹ pe ẹni tó níwèé àṣẹ. Láti ọdún 1918 ni Migratory Bird Treaty Act, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri, ti wà, kò sì gbà kí ènìyàn lásán máa sin robin nílé, àánú ìbáà jẹ́ ìdí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́, ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹyin aláwọ̀ búlúù mẹ́ta sí márùn-ún ni robin máa ń yé, ẹyọ kan lójúmọ́, yóò sì sàba lé wọn fún ọjọ́ 12 sí 14. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ọjọ́ láti orí ẹyin tó kẹ́yìn, kó kọ ọjọ́ tó rò pé wọ́n á pa sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn fèrèsé fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí òbí gbé oúnjẹ dé. Wọ́n á tún rí i tó ń gbé àpò funfun kékeré kan lọ lẹ́nu. Ìgbẹ́ ọmọ ni o, báyìí ni ìtẹ́ ṣe ń mọ́. Ètò NestWatch ti Yunifásítì Cornell ń gba irú àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi dígí tí ẹ so mọ́ igi gígùn wo inú ìtẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe ní kùtùkùtù, kì í sì í ṣe nígbà òjò. Bí àwọn ọmọ ẹyẹ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu ìyẹ́ tán, ẹ jáwọ́, torí ìbẹ̀rù lè mú wọn bẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ wọn tó pé.

Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ẹyẹ tàbí ìtẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àwọn ọmọ á sì fẹ́ kó ìtẹ́ tó ti ṣófo wọlé. Òfin 1918 yẹn kan náà kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n fi í sórí igi.